Ìlú mẹ́fà, ilé mẹ́fà: lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ tó ń fi owó ẹgbẹ́ ra ilé àyágbé

Ẹ̀yin àgbà àti aṣáájú wa nínú ìgbìmọ̀ ìdókòwò,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àmójútó owó ọlọ́wọ́ púpọ̀.

Ìpinnu tí ẹ ṣe ló gbé wa dé ibí. Ẹ ní kí ẹgbẹ́ kó 600,000 jáde, kí ẹ fi ra ilé àyágbé mẹ́fà ní ìlú mẹ́fà, ilé kọ̀ọ̀kan ní 100,000. (A ò dárúkọ irú owó tó jẹ́ níbí, ìṣirò tí a fẹ́ ṣe kò yí padà, owó yòówù kí èèyàn máa ná.) Òwe ni ẹ fi ti ìpinnu náà lẹ́yìn: ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹ ní bí ìlú kan bá dẹnu kọlẹ̀, márùn-ún yóò kù. Ẹ ti fọwọ́ sí ìwé ilé méjì, ẹ sì fẹ́ fọwọ́ sí mẹ́rin tó kù kí ìpàdé gbogbogbò tó wáyé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a béèrè ìṣirò tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ yín ní kọ̀rọ̀, ojú ìwé kan ṣoṣo lẹ fi ránṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi mú un wá sí gbangba.

A ò bá ilé àyágbé ṣọ̀tá, bẹ́ẹ̀ ni a ò ní kí ẹ má ra ilé ní ìlú òkèèrè. Ilé kan ṣoṣo ní ìlú kan ni ìjà wa. Ẹ rò pé ẹ ń fọ́n ewu ká ni. Lójú tiwa, ewu kan lẹ sọ di mẹ́fà, pẹ̀lú ìnáwó mẹ́fà tó ń tẹ̀ lé e.

1. Ojú ìwé yẹn kò tíì ṣe ìṣirò kankan

Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju èyí lọ: owó ilé oṣù kan jẹ́ 1,000, oṣù 12 jẹ́ 12,000, nítorí náà èrè jẹ́ ìdá 12 nínú 100. Èyí kì í ṣe èrè rárá. Owó tí ayálégbé yóò san ni, bí ilé náà kò bá ṣófo fún ọjọ́ kan, tí nǹkan kan kò sì bàjẹ́ níbẹ̀ títí ayé.

Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. Bí ayálégbé kan bá kó jáde, ọjọ́ ń lọ kí èkejì tó wọlé: ẹ ó gbá ilé mọ́, ẹ ó kun ọ̀dà, ẹ ó polówó, ẹ ó yẹ ìwé ẹni tuntun wò. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń yọ oṣù kan sílẹ̀ lọ́dún fún un. 12,000 di 11,000. Alámòójútó ilé máa ń gba nǹkan bí ìdá 8 sí 10 nínú 100 lórí owó tó bá gbà wọlé. Ẹ mú 10, ìyẹn 1,100. Yóò tún gba owó lórí wíwá ayálégbé tuntun, tó lè tó owó ilé oṣù kan gbáko. Bí ayálégbé bá ń lo ọdún méjì-méjì, 500 lọ́dún nìyẹn. Àtúnṣe kéékèèké, 800. Owó orí ilé, 1,200. Adójútòfò, 700.

Èyí tó kù ni gbogbo èèyàn máa ń gbàgbé, nítorí pé kì í dé lọ́dọọdún. Bí òrùlé bá jẹ́ 10,000, tó sì ń lo ọdún 25, 400 ló ń jẹ lọ́dún, ẹ rí i o, ẹ ò rí i o. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé tutù tàbí tó ń mú un gbóná, 4,500 fún ọdún 15, ìyẹn 300. Ẹ̀rọ tó ń gbé omi kaná, 1,000 fún ọdún 10, ìyẹn 100. Ọ̀dà àti ohun tí a tẹ́ sí ilẹ̀ ilé, 2,800 fún ọdún méje, ìyẹn 400. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 1,200.

Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: 1,100, 500, 800, 1,200, 700, 1,200. Ó jẹ́ 5,500. Yọ ọ́ kúrò nínú 11,000, ó ku 5,500. Ìdá 5.5 nínú 100 ni ilé yín ń pa wọlé, kò tó ìlàjì ohun tí ẹ kọ sórí ìwé. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí òwò yìí ní ìlànà àfẹnusọ kan pé nǹkan bí ìlàjì owó ilé ni ìnáwó máa ń gbé lọ, kí a tó wá sọ̀rọ̀ gbèsè báńkì. Ẹni tí kò tíì pààrọ̀ òrùlé rí ló máa ń sọ pé ìlànà náà ti le jù.

Ẹ sì ti ń dá a lábàá pé a lè yá owó kún owó wa kí ilé lè di mẹ́jọ. Ilé tó ń pa ìdá 5.5 wọlé, tí ẹ wá fi owó báńkì tó ń gba èlé ìdá 7 rà, owó ẹgbẹ́ ni yóò máa fi san ìyàtọ̀ náà. Bí ilé bá ṣe pọ̀ tó ni àdánù yóò ṣe pọ̀ tó.

2. Ìlú mẹ́fà ń jẹ owó tí ìlú kan kì í jẹ

Ilé mẹ́fà, 5,500 lọ́kọ̀ọ̀kan, 33,000 lọ́dún. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ lọ fojú rí ilé kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Bí ìrìn kan bá gba 600, ọkọ̀ àti ibùsùn àti ọjọ́ iṣẹ́ tó bá a lọ, ìrìn méjìlá jẹ́ 7,200. Lọ́yà, oníṣirò owó àti ìforúkọsílẹ̀ ní ìlú kọ̀ọ̀kan, ẹ fi í sí 300. Ìlú mẹ́fà, 1,800. Ó ku 24,000: ìdá 4 nínú 100.

Ẹ wá kó ilé mẹ́fà yẹn kan náà sí ìlú kan ṣoṣo. Ìrìn méjì, 1,200. Lọ́yà àti oníṣirò, 300. Ó ku 31,500: ìdá 5.25. Iye ilé kò yàtọ̀, owó ilé kò yàtọ̀, síbẹ̀ 7,500 ń sọnù sójú ọ̀nà lọ́dọọdún nítorí pé orúkọ ìlú pọ̀.

Èyí tó ṣeé kọ sílẹ̀ nìyẹn. Kunlé-kunlé tó bá fẹ́ kun ilé mẹ́ta fún yín ní àdúgbò kan yóò dín owó kù. Ẹni tó ń kun ọ̀kan kò ní dín in. Ẹni tó bá ní ilé mẹ́ta ní ìlú kan yóò ti mọ̀ láàárín ọdún kan pé bí èèyàn bá sọdá títì kan báyìí, owó ilé já wálẹ̀ nìyẹn, àti pé ilé tó kọjú sí pápá ìṣeré kì í pẹ́ ṣófo. Ìmọ̀ yẹn kò sí nínú ìwé ìpolówó kankan, kì í sì í bá èèyàn rìn láti ìlú kan lọ sí òmíràn.

3. Òwe yín dáa. Ibi tí ẹ ti lò ó ni kò dáa

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí mẹ́ta nínú ọ̀nà mẹ́fà bá gba orí afárá kan náà kọjá, tí afárá ọ̀hún sì wó, mélòó lẹ ṣẹ́kù sí? Mẹ́ta nínú àwọn ìlú tí ẹ yàn, epo rọ̀bì ló ń bọ́ wọn. Wọ́n jìnnà síra lórí àwòrán ilẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan náà ni ebi yóò pa wọ́n.

A ti rí i rí. Ní Williston, ní ìpínlẹ̀ North Dakota ní Amẹ́ríkà, epo tó wà nínú àpáta Bakken fa òṣìṣẹ́ wá débi pé ní 2014, owó ilé níbẹ̀ wà lára èyí tó wọ́n jù ní orílẹ̀-èdè náà. Láàárín oṣù kẹfà 2014, nígbà tí àgbá epo kan ṣì ju 100 dọ́là lọ, àti ìbẹ̀rẹ̀ 2016, nígbà tó ti wá sí ìsàlẹ̀ 30, òṣìṣẹ́ kó ẹrù wọn lọ, owó ilé sì wó lulẹ̀. Port Hedland ní Australia rí irú rẹ̀ pẹ̀lú òkúta irin: iye ilé gòkè títí di nǹkan bí 2012, lẹ́yìn náà ó já bọ́, àwọn tó rà á nígbà tó gòkè sì jókòó ti gbèsè tó ju ilé lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ilé kan ní ìlú epo yẹn àti òmíràn ní ìlú epo mìíràn ní 2014 kò ní ìlú méjì. Ìlú kan ló ní, tó fi owó ọkọ̀ méjì rà.

Kí ẹ tó yan ìlú, ẹ béèrè ta ni agbanisíṣẹ́ mẹ́ta tó tóbi jù níbẹ̀, àti ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìlú tó ní ilé ìwòsàn ńlá, yunifásítì àti ibùdókọ̀ ojú omi fọ́n ewu ká nínú ara rẹ̀ ju ìlú epo mẹ́ta lọ. Ẹ tún wo bóyá èèyàn ń pọ̀ sí i níbẹ̀ tàbí wọ́n ń dín kù láàárín ọdún mẹ́wàá. Ẹ wo ìwé àṣẹ ilé tuntun mélòó ni ìjọba ìlú ń fọwọ́ sí, nítorí ilé gbígbé 2,000 tó bá jáde lẹ́ẹ̀kan náà ní ìlú kékeré yóò kó ayálégbé yín lọ pẹ̀lú ẹ̀bùn oṣù kan ọ̀fẹ́. Ẹ wo owó tí àwọn ará ibẹ̀ ń gbà lóṣù: bí owó ilé yín bá ju ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ lọ, ẹ ti ń wá ayálégbé tí kò sí.

4. Ilé olówó pọ́ọ́kú

A gbọ́ pé ẹnìkan ti mú ilé 30,000 wá bá yín, tí owó ilé rẹ̀ jẹ́ 500 lóṣù, pé ìdá 20 nínú 100 ló ń pa. Òrùlé kò mọ iye tí èèyàn ra ilé. Ilé 100,000 àti ilé 30,000 tí títóbi wọn kò yàtọ̀ ń lo páànù kan náà, gbẹ́nàgbẹ́nà kan náà, 10,000 kan náà. Lórí ilé 100,000 yẹn, owó ilé oṣù 10 ni òrùlé náà. Lórí ilé 30,000, owó ilé oṣù 20 ni, bí ayálégbé bá san án.

Detroit, ní Amẹ́ríkà, ni kí ẹ lọ wò. Èèyàn tó ń gbé ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,850,000 ní 1950. Nígbà ìkànìyàn 2020, 639,111 ló kù. Ní 2013, ìjọba ìlú náà lọ sí kóòtù láti sọ pé òun ò lè san gbèsè mọ́. Nígbà gbàǹjo ilé tí wọ́n gbà nítorí owó orí, iye ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé jẹ́ 500 dọ́là, àwọn èèyàn láti òkèèrè sì ń rà wọ́n láìfojú rí wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé náà kò ní páìpù mọ́, torí àwọn olè ti fa bàbà inú ògiri yọ. Owó orí ọdún tó ń bọ̀ kò sì dúró de ẹni tó rà á.

5. Ìwé àdéhùn kì í ṣe ẹ̀rí pé ayálégbé ń sanwó

Ẹ fi ìwé àdéhùn ayálégbé hàn wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí 1,000 lóṣù. Ẹni tó ń ta ilé lè fún ayálégbé ní oṣù méjì ọ̀fẹ́ kó lè kọ 1,000 sínú ìwé: ohun tó wọlé lọ́dún jẹ́ 10,000, owó ilé gidi sì jẹ́ 833. Ó tún lè fi ojúlùmọ̀ rẹ̀ sínú ilé ní oṣù kan ṣáájú títà. Bí ẹ bá ti sanwó tán, onítọ̀hún yóò kó jáde.

Ohun tí a ń gbà ni àkọsílẹ̀ báńkì oṣù 12 tó fi hàn pé owó náà ń wọlé, ọjọ́ wo ló wọlé, iye wo. Lẹ́yìn náà, ìwé tí ayálégbé fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí, tó sọ iye tó ń san, ọjọ́ tí àdéhùn rẹ̀ parí, iye owó ìdógò tó fi sílẹ̀, àti pé kò sí ìlérí àfẹnusọ láàárín òun àti onílé àtijọ́. Ìlérí àfẹnusọ ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù: «ó ní kí n máa gbé ọkọ̀ mi kejì síbí», «ó ní tí mo bá kun ọ̀dà fúnra mi kí n yọ ọ́ nínú owó ilé». Owó ìdógò náà gbọ́dọ̀ wá sọ́wọ́ yín lọ́jọ́ títà. Bí kò bá wá, ẹ̀yin ni ayálégbé yóò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ tó bá ń kó jáde, òfin yóò sì gbè é ní ọ̀pọ̀ ibi.

Owó orí ilé tún nìyí. Ẹ gba iye tí onílé àtijọ́ ń san, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí. Ní California, láti 1978, iye tí ìjọba fi ń bu owó orí ilé kì í gòkè ju ìdá 2 nínú 100 lọ́dún títí ilé yóò fi di ti ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n ń tún un dá sórí iye tí wọ́n rà á. Ìpínlẹ̀ Michigan náà ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Onílé tó ti gbé ibẹ̀ fún 20 ọdún lè máa san ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí ẹ̀yin yóò san. Ẹ pe ọ́fíìsì owó orí ìlú kọ̀ọ̀kan, ẹ bi wọ́n léèrè: bí ilé yìí bá yí ọwọ́ padà ní 100,000, tí ẹni tó rà á kò sì gbé inú rẹ̀, èló ni ọdún tó ń bọ̀? Ẹ bi wọ́n ní ti owó omi pẹ̀lú. Ní àwọn ìlú kan, orí ilé ni gbèsè omi ń sùn lé, kì í ṣe orí ayálégbé tó lo omi náà.

6. Ẹni tó yẹ ilé wò, ta ló ń sanwó fún un?

Ẹni tó ń ta ilé ló bá yín wá a. A ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí èyí: ẹ wá tiyín, ẹni tí kò mọ olùtà, tí kò mọ alágbàtà, tí kò sì ń ṣe iṣẹ́ àtúnṣe fúnra rẹ̀. Kí ó gun òrùlé, kó má kàn wò ó láti ìsàlẹ̀. Kí ó ṣí àpótí iná. Kí ó wọ òkè àjà. Bí ẹ bá rí ọ̀dà funfun tuntun ní ibi róbótó kan lára àjà tí ìyókù rẹ̀ ti pọ́n, omi ti gba ibẹ̀ kọjá nìyẹn.

Bí ilé bá ti ju 40 ọdún lọ tí igi ńlá sì wà níwájú rẹ̀, ẹ sanwó kí wọ́n fi kámẹ́rà wọ inú páìpù ìdọ̀tí tó jáde lọ sí títì. Amọ̀ sísun ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ irú páìpù bẹ́ẹ̀, ní ẹyọ-ẹyọ tí wọ́n ki bọ ara wọn. Gbòǹgbò ń wá omi, ó ń gba oríkèé wọlé bí irun, lẹ́yìn náà ó nípọn, ó ń mú bébà àti ọ̀rá tó ń kọjá dúró. Ẹni tó yẹ ilé wò yóò da omi sí síǹkì, omi yóò lọ, yóò kọ «ó dára». Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún bá kó wọlé, ìdọ̀tí yóò padà wá láti inú ilé ìwẹ̀. Kámẹ́rà yẹn kì í náni ju owó díẹ̀ lọ. Gbígbẹ́ ilẹ̀ títí dé títì lè jẹ èrè ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

7. Alámòójútó ni ẹ ń rà, kì í ṣe ilé

Ẹ ti ra ilé méjì, ẹ ò tíì ní alámòójútó. Òdìkejì ló yẹ kó jẹ́. Ojú olójú kì í jọ ojú ẹni. Bí ó bá sì di dandan kí a fi ojú olójú wò, ó yẹ ká mọ ẹni tó ni ojú náà kí owó tó kúrò lọ́wọ́ wa.

Ẹ wo bí ó ṣe ń lọ. Páìpù kan ń jò lábẹ́ síǹkì. Ayálégbé pè ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ilé 300 ló wà lọ́wọ́ alámòójútó, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló jẹ́ tiyín. Ó di ọjọ́ Ajé kí ó tó rán ẹnìkan. Rọ́bà tín-ín-rín inú oríkèé páìpù ló gbó. Iṣẹ́ 60 ni. Ṣùgbọ́n omi ti ń mu pákó ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ti wú, ó ti ń bó, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti ń rùn. 640 ló wọ inú ìwé. Àdéhùn yín ní alámòójútó lè ná tó 500 láìbéèrè lọ́wọ́ onílé, nítorí náà ìwé méjì ló kọ, 340 àti 300. Ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan títí ìparí oṣù. Bí ilé mẹ́fà yín bá sì wà lọ́wọ́ ẹnìkan náà, ìpè yín kì í ṣe ọ̀kan nínú 300 mọ́.

Nínú àdéhùn, kí ẹ kọ ọ́ pé: iye tó lè ná láìbéèrè jẹ́ lórí ìṣòro kan, kì í ṣe lórí ìwé kan, fọ́tò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó parí, rìsíìtì oníṣẹ́-ọwọ́ fúnra rẹ̀, kì í ṣe èyí tí alámòójútó tún kọ, bí ó bá ń fi owó lé owó oníṣẹ́, ìdá mélòó, owó ìdógò nínú àkáǹtì ọ̀tọ̀, owó iṣẹ́ rẹ̀ lórí ohun tó gbà, kì í ṣe lórí ohun tó yẹ kó gbà, àti ọjọ́ 30 láti lè yà kúrò láìsan ìtanràn.

Kí ẹ pe alámòójútó mẹ́ta ní ìlú kan kí ẹ tó wo ilé kankan. Ẹ bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: títì wo ni ẹ kì í gba ilé níbẹ̀? Alámòójútó tó mọ iṣẹ́ máa ń dáhùn kíá. Bí títì tí ilé yín wà bá bọ́ sí ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ti fi ìpè mẹ́ta gba 100,000 là.

Ẹ ka ìwé adójútòfò dáadáa pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní san owó jàgídíjàgan tàbí omi tó ba ilé jẹ́ bí ilé bá ti ṣófo kọjá 30 tàbí 60 ọjọ́. Ilé òkèèrè ló sì máa ń ṣófo pẹ́ jù.

8. Òfin mẹ́fà

Ìlú kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀, òfin náà sì ń yí padà lórí yín. Berlin fi òfin de owó ilé ní oṣù kejì 2020, ó dá ọ̀pọ̀ rẹ̀ dúró sí iye oṣù kẹfà 2019. Ní oṣù kẹrin 2021, kóòtù tó ga jù lórí ìwé òfin Jámánì fagi lé e, àwọn ayálégbé kan sì ní láti san ìyàtọ̀ padà. Ní oṣù kọkànlá 2021, àwọn ará Saint Paul, ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, dìbò pé owó ilé kò gbọdọ̀ gòkè ju ìdá 3 nínú 100 lọ́dún; wọ́n tún un ṣe ní 2022. Ní Scotland, láti oṣù kejìlá 2017, àdéhùn tuntun láàárín ayálégbé àti onílé aládàáni kò ní ọjọ́ ìparí, onílé kò sì lè sọ pé àkókò ti tó, kí o máa lọ. Ó gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan nínú àwọn ìdí tí òfin kà sílẹ̀ wá. Ní ìpínlẹ̀ New York, láti 2019, owó ìdógò kò gbọdọ̀ ju owó ilé oṣù kan lọ.

A ò sọ pé òfin wọ̀nyí dáa tàbí kò dáa. Ayálégbé náà ní ẹ̀tọ́. Ohun tí a ń bi yín ni pé: nínú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún, ta ni yóò máa ka òfin ìlú mẹ́fà? Bí ayálégbé kò bá sanwó, oṣù mélòó ni kóòtù ń gbà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni tàbí oṣù mẹ́jọ? Ojú ìwé yín kò dárúkọ kóòtù rárá.

9. Ohun tí a ń béèrè

Ẹ dá ìfọwọ́sí ilé mẹ́rin tó kù dúró títí ìpàdé gbogbogbò yóò fi parí.

Lórí méjì tí ẹ ti fọwọ́ sí: bí àkókò àyẹ̀wò tó wà nínú àdéhùn kò bá tíì kọjá, ẹ rán ẹni tó yẹ ilé wò lọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, kámẹ́rà páìpù pẹ̀lú, kí ẹ sì gba ìwé ayálégbé àti àkọsílẹ̀ báńkì oṣù 12. Bí olùtà bá kọ̀ láti fún yín, ẹ gba owó yín padà. Bí àkókò bá ti kọjá, ilé méjì náà di tiwa. Kí ẹ wá alámòójútó fún wọn kí ẹ tó ra òmíràn.

Ẹ dín ìlú kù sí méjì, tí agbanisíṣẹ́ ńlá wọn kò jọra, ilé mẹ́ta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú ìṣirò tí a ṣe lókè, ìrìn àti lọ́yà ìlú méjì jẹ́ 3,000, ohun tó ku jẹ́ 30,000: ìdá 5 nínú 100. Ìyẹn ni ìfọ́nká tí a lè san owó rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú ìlú méjì náà bá wà lára àwọn ìlú epo, kí èkejì má ṣe wà lára wọn.

Ẹ ya owó ìpamọ́ sọ́tọ̀ fún ilé kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó ra èyí tó tẹ̀ lé e: ìnáwó oṣù mẹ́fà, àti 1,200 lọ́dún tí a kà fún òrùlé àti ẹ̀rọ. Kí ó wà nínú àkáǹtì tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi pín èrè.

Ẹ gbé ojú ìwé tuntun jáde fún ilé kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo ìlà tó wà ní nọ́ńbà kìíní lókè yìí wà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rí tí ẹ fi kọ iye kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn rírà, kí ojú ìwé yẹn máa jáde ní oṣooṣù, kí àkọsílẹ̀ báńkì tẹ̀ lé e. Àti kí ẹ dárúkọ ẹnìkan, ẹnìkan ṣoṣo, tí ilé kọ̀ọ̀kan yóò wà lọ́rùn rẹ̀.

Kí ìdáhùn yín dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ méje ṣáájú ìpàdé gbogbogbò, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lè rí i kà. Bí kò bá dé, a ó gbé àbá kalẹ̀ níbẹ̀ pé kí ẹgbẹ́ gba àṣẹ ìfọwọ́sí lọ́wọ́ ìgbìmọ̀, a sì ti ní iye ìbuwọ́lù tí ìlànà ẹgbẹ́ béèrè fún un.

Àwa ọmọ ẹgbẹ́ tí owó wa wà nínú 600,000 náà